Ọjọ́ Tí Ibà Bẹ̀rẹ̀ Ni Kí Ẹ Kọ́kọ́ Kọ: Bí A Ṣe Ń Ṣọ́ Àìsàn Fáírọ́ọ̀sì Lára Sójà Tó Lọ Síṣẹ́ Lẹ́yìn Odi

Bí ẹ̀jẹ̀ sójà kan bá dé láàbù ní Yábàá, tí orúkọ wà lára ìgò, tí nọ́ńbà iṣẹ́ ológun wà, tí wọ́n sì kọ "ibà" gàdàgbà sójú fọ́ọ̀mù, àmọ́ tí ẹnikẹ́ni ò kọ ọjọ́ tí ibà náà bẹ̀rẹ̀, apá láàbù ò ká a mọ́. Fáírọ́ọ̀sì dengue, àìsàn ibà kan tí ẹ̀fọn ń gbé kiri, bí àpẹẹrẹ, máa ń hàn nínú ẹ̀jẹ̀ láàárín ọjọ́ márùn-ún àkọ́kọ́. Tó bá fi máa di ọjọ́ kẹsàn-án, ó ti pòórá, èròjà agbóguntàrùn tí ara fi bá a jà ló kù. Àyẹ̀wò tó bá ọjọ́ kẹta mu kò bá ọjọ́ kẹsàn-án mu rárá.

Nítorí náà, orí ọjọ́ márùn-ún ni gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé: ọjọ́ tí sójà gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, ọjọ́ tó dé ibi iṣẹ́, ọjọ́ tí ibà bẹ̀rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n fa ẹ̀jẹ̀, àti ọjọ́ tó padà wálé. Àwọn nọ́ọ̀sì àti òṣìṣẹ́ ìlera tó ń tẹ̀ lé ikọ̀ láti Bárékè Alámàlà ni a kọ ìtọ́sọ́nà yìí fún, àti àwọn ará ilé tó ń dúró dè wọ́n ní Abẹ́òkúta. Ibi yòówù kí wọ́n máa lọ, ìlànà kan náà ni.

Kí wọ́n tó gbéra

Ojú ewé kan fún ẹnì kan, nínú ìwé ẹlẹ́yìn líle. Ẹ lè tún un kọ sínú kọ̀ǹpútà lẹ́yìn náà, àmọ́ ìwé ni kó ṣáájú. Bátìrì ìwé kì í kú. Ẹ kọ nọ́ńbà iṣẹ́ ológun, ọjọ́ orí, ẹ̀yà ẹ̀jẹ̀, oògùn tí ara rẹ̀ kì í gbà, àti bóyá ó ti ní dengue rí. Ìbéèrè ìkẹyìn yẹn ṣe pàtàkì: oríṣi 4 ni dengue, ẹni tí ọ̀kan bá ti ṣe rí, tí òmíràn bá tún wá ṣe é, èyí ẹlẹ́ẹ̀kejì lè le ju ti àkọ́kọ́ lọ.

Abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni dandan. 0.5 mL ni, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo, ó kéré tán ọjọ́ 10 kí sójà tó rìn, torí pé lẹ́yìn ọjọ́ 10 ni káàdì àjẹsára (yellow card) tó fẹsẹ̀ múlẹ̀. Láti oṣù Keje 2016, káàdì yìí kì í gbó mọ́ títí ẹni náà fi máa kú, nítorí náà ẹnikẹ́ni tó bá ní kí ẹ wá sanwó àtúnṣe ọlọ́dún mẹ́wàá ń jẹ yín lówó ni. Ohun tó tún burú jù ni káàdì tí wọ́n rà láìgba abẹ́rẹ́. Irú káàdì bẹ́ẹ̀ á gba sójà kọjá ní pápákọ̀ òfurufú, àmọ́ ẹ̀fọn kì í ka káàdì. Nínú ìwé yín, ọjọ́ tí wọ́n gún un àti nọ́ńbà ara ìgò abẹ́rẹ́ ni kí ẹ kọ. Ẹ má kọ "ó ní káàdì" lásán.

Gbígbẹ ni abẹ́rẹ́ náà máa ń wá, omi tirẹ̀ la fi ń pò ó. Tí ẹ bá ti pò ó, wákàtí 6 ló ní, nínú òtútù 2 sí 8 °C. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí wọ́n ṣí ìgò ẹlẹ́ni mẹ́wàá fún ẹni mẹ́ta láàárọ̀, kí wọ́n wá tọ́jú ìyókù de ọ̀la. Abẹ́rẹ́ ọ̀la yẹn, omi lásán ni. Ẹ kó wọn jọ mẹ́wàá mẹ́wàá. Fáírọ́ọ̀sì tó wà láàyè ni, bí wọ́n tilẹ̀ ti tù ú lójú, nítorí náà ẹni tí ẹyin adìẹ máa ń mú ètè rẹ̀ wú tàbí tí kì í jẹ́ kó mí dáadáa, àti ẹni tí HIV tàbí oògùn jẹjẹrẹ ti sọ ara rẹ̀ di aláìlágbára, dókítà ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí wọn. (Ìtàn abẹ́rẹ́ yìí ò jìnnà sí wa: ní 1927, nígbà tí ikọ̀ olùṣèwádìí Rockefeller fi Yábàá ṣe ibùdó, ni wọ́n rí fáírọ́ọ̀sì náà nínú ẹ̀jẹ̀ ọkùnrin ará Ghana kan tó ń jẹ́ Asibi. Òun ni onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Max Theiler tọ́ títí ó fi di 17D, irú tó wà nínú abẹ́rẹ́ yìí, tó sì gba ẹ̀bùn Nobel ní 1951.)

Abẹ́rẹ́ hepatitis B (àrùn ẹ̀dọ̀): ọjọ́ 0, oṣù 1, oṣù 6. Bí àkókò bá há, ọjọ́ 0, 7 àti 21, kí ìkẹrin wá tẹ̀ lé e ní oṣù 12.

Lẹ́yìn èyí ni ẹ̀jẹ̀ ìpìlẹ̀, èyí tí a ó fi wé ti ìpadàbọ̀, tí ọ̀pọ̀ ikọ̀ máa ń fò dá. Ẹ fa 5 mL sínú ìgò ọlọ́mọrí pupa, ẹ ya omi ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ sọ́tọ̀ sínú ìgò kékeré méjì, ẹ fi wọ́n sínú fírísà tó tutù tó −20 °C tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìgbà wo gan-an? Bí ó bá ṣeé ṣe, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ 4 lẹ́yìn abẹ́rẹ́ ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀. Ìdí ni pé àbúrò àti ẹ̀gbọ́n ni ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, dengue àti Zika. Èròjà agbóguntàrùn tí abẹ́rẹ́ kan gbé dìde lè mú kí àyẹ̀wò òmíràn pariwo. Bí àmì abẹ́rẹ́ bá ti wà nínú ẹ̀jẹ̀ ìpìlẹ̀, ohun tuntun tó bá yọjú lẹ́yìn ìrìn àjò ò ní ṣeé dì mọ́ abẹ́rẹ́ lọ́rùn.

Iná ìjọba ni ọ̀tá ẹ̀jẹ̀ yìí. Ẹ bu omi sínú ife, ẹ jẹ́ kó di yìnyín nínú fírísà, kí ẹ wá gbé kọ́ìnì kan lé e lórí. Lọ́jọ́ tí ẹ bá rí kọ́ìnì náà nísàlẹ̀ ife, iná ti lọ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí ohun gbogbo yọ́, kó tó tún dì padà lẹ́yìn yín. Ẹ̀jẹ̀ tó bá ti yọ́ tó tún dì ní ìgbà mélòó kan ò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé mọ́, ẹ kọ ọ́ síwájú rẹ̀.

Iye ọjọ́ tí fáírọ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan fi ń sápamọ́

Ẹ kọ eléyìí sẹ́yìn ìwé, kí gbogbo ẹni tó ń ṣe àkọsílẹ̀ mọ̀ ọ́n lórí. Láti ọjọ́ tí ẹ̀fọn jẹ ènìyàn, tàbí tó fara kan àìsàn, sí ọjọ́ tí ibà bẹ̀rẹ̀: ibà Rift Valley (àìsàn ẹran ọ̀sìn tó ń ran ènìyàn), ọjọ́ 2 sí 6. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀, 3 sí 6. Chikungunya, 4 sí 8 lọ́pọ̀ ìgbà, ó lè dé 12. Dengue, 4 sí 10, ó lè dé 14. Zika, 3 sí 14. Lassa àti Ẹ̀bólà, 2 sí 21.

Ìwúlò rẹ̀ ni pé ẹ lè fi ọjọ́ ká ẹjọ́. Ká ní sójà kan dé Abẹ́òkúta, tí ibà sì mú un ní ọjọ́ kejìlá. Rift Valley ti bọ́ síta, ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ tó bá tìrìn àjò wá ti bọ́ síta. Dengue àti Zika ṣì wà nínú ẹjọ́, Ẹ̀bólà àti Lassa náà sì wà ńbẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ọjọ́ karùndínlọ́gbọ̀n ni ibà bẹ̀rẹ̀, ẹ yéé tọ́ka sí òkè òkun. Inú ilé ni kí ẹ wò. Ẹ má sì gbàgbé pé ọ̀dọ̀ wa gan-an ni Lassa ti gba orúkọ, láti ìlú Lassa ní Bọ̀rnó, ní 1969. Sójà lè ti ibí gbé e lọ.

Ibi tí sójà wà náà ń sọ̀rọ̀. Níbi tí wọ́n ti ń sin màlúù àti àgùntàn, tí òjò sì ti pọ̀, Rift Valley ni kó wá sí yín lọ́kàn, pàápàá fún ẹni tó bá wọn dúńbú ẹran. Dárfùr ní ìjàm̀bá ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ní 2012, ìyẹn ni pé ibi tó dà bí aginjù kò yọ ẹ̀fọn sílẹ̀.

Ní kámpù, láràárọ̀

Ẹ wọn ara gbogbo ẹni tó bá wá síbi àyẹ̀wò aláìsàn. 38.0 °C sókè ni ibà. Kí ẹ tó gbà pé ara ẹnì kan ò gbóná, ẹ bi í bóyá ó lo paracetamol láàárín wákàtí 6, nítorí ó máa ń bo ibà mọ́lẹ̀. Tẹ̀mómítà tí wọ́n ń yìn síwájú orí bí ìbọn máa ń parọ́ fún ẹni tó ti inú oòrùn wọlé. Ẹ jẹ́ kó jókòó síbi òjìji fún ìṣẹ́jú 15, tàbí kí ẹ lo ti abíyá.

Àwọn sójà máa ń fi ibà pamọ́. Ẹlòmíì ń bẹ̀rù pé wọ́n á yọ òun kúrò nínú ikọ̀, owó ojoojúmọ́ á sì dúró. Ẹlòmíì ò fẹ́ kí wọ́n dá òun dúró nígbà tí àkókò ìpadàbọ̀ ti sún mọ́lé. Ìwàásù ò ní tú wọn sílẹ̀. Ohun tó ń ṣiṣẹ́ ni kí ọ̀gá ikọ̀ sọ ọ́ lójú pàrẹ́ẹ̀dì pé ẹni tó bá fẹnu ara rẹ̀ jẹ́wọ́ ibà ò ní pàdánù kọ́bọ̀, kó sì mú un ṣẹ fún ẹni àkọ́kọ́ tó bá jẹ́wọ́.

Ní ìparí ọ̀sẹ̀, ẹ ka iye ẹni tí ibà mú. Bí kò bá sí ẹnì kankan, ẹ kọ 0. Àlàfo funfun lè túmọ̀ sí pé kò sí ibà, ó sì lè túmọ̀ sí pé ẹni tó ń kọ ìwé lọ sun. Ìṣirò rẹ̀ kò le: iye sójà lọ́nà iye oṣù ni ẹ ó fi pín iye aláìsàn. Ká ní sójà 200 lo oṣù 6, 1,200 nìyẹn. Bí 9 nínú wọn bá ní dengue, 7.5 ni nínú 1,000 lóṣooṣù. Òǹkà yìí ló ń jẹ́ kí a lè fi ikọ̀ ènìyàn 80 wé ikọ̀ ènìyàn 600. Ẹni tó bá ń sọ pé "ẹni 9 ló ṣàìsàn" láìsọ nínú mélòó, kò tíì sọ nǹkan kan.

Bí ibà tí kì í ṣe malaria bá mú ẹni méjì nínú àgọ́ kan náà lọ́sẹ̀ kan, ẹ fi ìwé sílẹ̀, ẹ lọ wo omi. Ẹ̀fọn Aedes ló ń gbé dengue, Zika àti chikungunya kiri, ojúmọmọ ló sì ń jẹni, pàápàá láàárọ̀ àti nígbà tí oòrùn bá ń rọ̀. Nẹ́ẹ̀tì òru nìkan ò tó fún un. Omi tó mọ́ ló fẹ́ràn: dúrọ́ọ̀mù, táyà, ìdérí ìgò, abẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù. Láti ẹyin di ẹ̀fọn lè má ju ọjọ́ 7 sí 10 lọ, ìdí nìyẹn tí a fi ní kí wọ́n da omi nù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, kí wọ́n sì fi búrọ́ọ̀ṣì ha ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, torí ẹyin náà máa ń lẹ̀ mọ́ ara ike, ó sì lè gbẹ fún oṣù púpọ̀ kó má kú. Aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n rẹ nínú oògùn apakòkòrò permethrin 0.5% àti ìpara DEET tó ń lé ẹ̀fọn ló kù. Apá ìsàlẹ̀ ẹsẹ̀ ni kí wọ́n má gbàgbé láti fi pa.

Bí ibà bá ti dé

Malaria ni ẹ ó kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Àmọ́ ẹ má fi mọ síbẹ̀ nítorí pé ìlà méjì yọ. Àyẹ̀wò kíákíá tó ń wá HRP2, èròjà ara kòkòrò malaria, lè máa yọ ìlà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan lẹ́yìn tí oògùn ti pa malaria. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ènìyàn lè ní méjèèjì pọ̀. Bí ibà ò bá lọ lẹ́yìn oògùn malaria ọjọ́ 3, ẹ padà sídìí ìwé.

Àyẹ̀wò wo, lọ́jọ́ wo? Ọjọ́ 1 sí 5, ẹ wá fáírọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀: NS1 (èròjà ara fáírọ́ọ̀sì náà) fún dengue, tàbí PCR (àyẹ̀wò tó ń wá àbùdá fáírọ́ọ̀sì). Láti ọjọ́ 5 sókè, IgM, èròjà agbóguntàrùn tó kọ́kọ́ ń jáde. Ní ọjọ́ 14 sí 21 lẹ́yìn ẹ̀jẹ̀ àkọ́kọ́, ẹ fa ìkejì; bí èròjà agbóguntàrùn bá ti fi ìlọ́po 4 ga sí i, àìsàn yẹn ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣẹlẹ̀ ni. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń gbàgbé ẹ̀jẹ̀ kejì nítorí pé ara aláìsàn ti yá, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló ń dá ẹjọ́.

Dengue ní ẹ̀tàn kan tó ti pa ọ̀pọ̀ ènìyàn: ìgbà tí ibà bá lọ sílẹ̀, láàárín ọjọ́ 3 sí 7, ni ewu rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀. Aláìsàn á ní ara òun ti yá, àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á ti máa pè é síbi ayò. Inú rírun tí kò dẹ̀, èébì léraléra, ẹ̀jẹ̀ láti imú tàbí èrìgì, àárẹ̀ tàbí ara tí kò lélẹ̀: ọ̀kan nínú wọn ti tó láti gbé e lọ sí ilé ìwòsàn lójú ẹsẹ̀. Nínú ẹ̀jẹ̀, ẹ máa wo platelet (èyí tó ń mú ẹ̀jẹ̀ dì) tó ń já wálẹ̀ nígbà tí hematocrit (ìwọ̀n bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ki tó) ń gòkè. Ìyẹn ni pé omi ń jò kúrò nínú iṣan ẹ̀jẹ̀.

Níbi tí kò sí láàbù, ẹ lè lo ẹ̀rọ ìwọn ẹ̀jẹ̀ ríru. Bí ẹ̀jẹ̀ ríru bá jẹ́ 120/80, ẹ fẹ́ ẹ sí 100, ìyẹn àárín méjèèjì, ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 5, ẹ tú u. Ẹ ka àwọn àmì pupa wínníwínní nínú igun mẹ́rin tó jẹ́ 2.5 cm lóròó àti níbùú, ní inú apá níbi tí àwọ̀ ti mọ́lẹ̀ jù. 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹ fura sí dengue. Lára adúláwọ̀, àmì náà ṣòroó rí. Ìmọ́lẹ̀ ọ̀sán ni kí ẹ lò, ẹ má sì fi "a ò rí nǹkan kan" dá ẹnikẹ́ni sílẹ̀.

Paracetamol nìkan ni oògùn ibà níhìn-ín, má ju 4 g lọ láàárín wákàtí 24. Ibuprofen, aspirin àti abẹ́rẹ́ diclofenac tí àwọn kẹ́mísì fẹ́ràn láti gún ènìyàn lè mú kí ẹ̀jẹ̀ máa dà.

Fífa ẹ̀jẹ̀ àti fífi í ránṣẹ́

Ẹ kọ́kọ́ bèèrè ìbéèrè kan: ṣé Lassa tàbí Ẹ̀bólà lè wà nínú ẹjọ́ yìí? Bí bẹ́ẹ̀ bá ni, ẹ má fi ẹ̀jẹ̀ sínú ẹ̀rọ ayíbírí tó ń ya omi ẹ̀jẹ̀ sọ́tọ̀, torí bí ìgò bá fọ́ nínú rẹ̀, afẹ́fẹ́ yàrá náà ti bàjẹ́. Ìgò ọlọ́mọrí elésè àlùkò, odindi ẹ̀jẹ̀, ìbọ̀wọ́ méjì lórí ara wọn, ìbòjú, aṣọ ìdáàbòbò, kí ẹ sì pe àwọn tó mọ̀ ọ́n gbé kí ẹ tó fọwọ́ kàn án.

Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, 5 mL sínú ìgò ọlọ́mọrí pupa. Ẹ jẹ́ kó rọra ṣàn gba ẹ̀gbẹ́ ìgò. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi agbára tì máa ń bẹ́, omi rẹ̀ á pọ́n, láàbù á dá a padà. Ẹ fi sílẹ̀ fún ìṣẹ́jú 30 kó dì, ẹ yí i fún ìṣẹ́jú 10, ẹ fa omi òkè sínú ìgò kékeré. Bí yóò bá dé láàbù láàárín wákàtí 72, 2 sí 8 °C ló dára. Bí yóò bá pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ, fírísà. Ẹ má gbé odindi ẹ̀jẹ̀ tí ẹ kò tíì yà sínú fírísà láé.

Ìpele mẹ́ta ni ìdì rẹ̀: ìgò kékeré, tí ẹ fi òwú tó lè fa omi yí ká, ike tí kò lè jò, páálí líle lóde. Áísì kò gbọ́dọ̀ fara kan ìgò. Fọ́ọ̀mù wà láàárín ike àti páálí, kì í ṣe nínú ike, kí ẹ̀jẹ̀ tó bá dà má bàa pa ọ̀rọ̀ rẹ́. Láti Abẹ́òkúta sí Yábàá, ẹni tó bá mọ sún kẹrẹ fà kẹrẹ Sángo-Ọ̀tà á gbéra kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n bá fura sí pé ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ ni lè dé láàbù Institut Pasteur ní Dakar kí wọ́n tó fìdí rẹ̀ múlẹ̀, nítorí náà ẹ pa omi ẹ̀jẹ̀ kan mọ́ nílé.

Ẹ̀jẹ̀ tó bá dà sílẹ̀: ẹ wo ara ìgò bílíìsì. Bí ó bá jẹ́ 3.5%, ife 1 sí omi ife 6. Bí ó bá jẹ́ 5%, ife 1 sí ife 9. Omi bílíìsì àná ti kú, ojoojúmọ́ ni ẹ ó máa po tuntun.

Ọjọ́ 21 ní Abẹ́òkúta

Láti ọjọ́ tí wọ́n bá sọ̀ kalẹ̀, àárọ̀ àti ìrọ̀lẹ́ ni kí sójà máa wọn ara rẹ̀ fún ọjọ́ 21, kó máa fi òǹkà ránṣẹ́ sí nọ́ọ̀sì kan tí a dárúkọ fún un. Ẹni tí kò bá fi ránṣẹ́, nọ́ọ̀sì á pè é lójú ọjọ́ náà. Ní bárékè, ìyàwó ilé ló kọ́kọ́ ń mọ̀ pé ara ọkọ òun gbóná. Ẹ fún òun náà ní nọ́ńbà nọ́ọ̀sì.

Bí ibà bá bẹ̀rẹ̀, nẹ́ẹ̀tì lójúmọmọ fún ọjọ́ 5, tàbí títí ibà fi lọ. Èyí kì í ṣe nítorí tirẹ̀ mọ́, nítorí àdúgbò ni. Aedes wà ní Abẹ́òkúta, dúrọ́ọ̀mù omi sì wà níwájú ọ̀pọ̀ ilé. Ẹ̀fọn tó bá fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ láàárọ̀ yìí lè gbé e fún àwọn ọmọ àdúgbò ní nǹkan bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí méjì sí i.

Ọkùnrin tó ti ibi tí Zika wà dé, kó lo kọ́ńdọ̀ọ̀mù fún oṣù 3, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ le koko, nítorí ọ̀pọ̀ ẹni tí Zika mú kì í mọ̀. Bí ìyàwó bá lóyún, títí yóò fi bí ni.

Bí ibà bá wà pẹ̀lú ẹ̀jẹ̀ tó ń dà, tàbí tó bá ti fara kan aláìsàn Ẹ̀bólà tàbí Lassa, ẹ má gbé e sórí ọ̀kadà, ẹ má sì gbé e wọ Federal Medical Centre ní Ìdí-Àbà láìsọ tẹ́lẹ̀. Yàrá kan, olùtọ́jú kan, kí ẹ sì pe 6232, nọ́ńbà ọ̀fẹ́ NCDC (àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń gbógun ti àrùn), àti òṣìṣẹ́ tó ń gba ìròyìn àrùn ní ìjọba ìbílẹ̀ Àríwá Abẹ́òkúta. Lọ́dún 2014, aláìsàn kan ṣoṣo ló gbé Ẹ̀bólà wọ Èkó. Ẹni 20 ló kàn, 8 sì kú.

Ní ọjọ́ 28 sókè, ẹ fa ẹ̀jẹ̀ ìkẹyìn lára gbogbo wọn, títí kan ẹni tí kò ṣàìsàn rárá. Nínú ẹni mẹ́rin tí dengue bá wọ ara wọn, bí ẹni mẹ́ta ni kì í rí àmì kankan, nítorí náà ìwé ibà nìkan ò lè sọ iye ẹni tí ẹ̀fọn kámpù yẹn kó àìsàn náà ràn. Ẹ fi ẹ̀jẹ̀ yìí àti ti ìpìlẹ̀ ránṣẹ́ pọ̀, kí láàbù kan náà yẹ̀ wọ́n wò lọ́jọ́ kan náà, lórí ẹ̀rọ kan náà. Bí èsì bá dé, ẹ sọ ọ́ fún sójà náà ní kọ̀rọ̀, kì í ṣe lórí WhatsApp ikọ̀, ẹ kọ ọ́ sí ojú ewé rẹ̀, ẹ fi ọjọ́ sí i.